Òwú Ṣẹ́dà fún Iṣẹ́ Abẹ́rẹ́, àti Bí A Ti Í Yan Èyí Tí Ó Yẹ

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín rẹ́rìn-ín nígbà tí a kéde pé Àlùfáà ni yóò wá sọ̀rọ̀ nípa òwú àti abẹ́rẹ́. Ẹ̀rín náà tọ́ sí mi, nítorí èmi kò lè rán etí aṣọ kan kí ó gún. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ sí mi tí ó fi agbára kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ nípa òwú. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rò ó fún yín, kí ẹ lè mọ ìdí tí mo fi dúró níhìn-ín.

Ní ìjọ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ nígbà tí mo ṣì wà ní ọ̀dọ́, àwọn ìyá ìjọ pinnu láti ṣe aṣọ iwájú pẹpẹ fún Ọjọ́ Àjíǹde. Aṣọ ọ̀gbọ̀ funfun ni wọn yóò lò. Wọn yóò fi òwú pupa ṣe àgbélébùú sí àárín rẹ̀, wọn yóò sì fi òwú àwọ̀ ewé ṣe imọ̀ ọ̀pẹ yí i ká. Obìnrin mẹ́fà ni ó fi ara wọn fún iṣẹ́ náà. Nítorí pé èmi ni mo ń lọ sí ìlú ńlá fún ìpàdé, èmi ni wọ́n fi owó òwú rán. Ìyá àgbà kan, tí ó mọ iṣẹ́ náà jù gbogbo wọn lọ, tí ojú rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní, “Àlùfáà, ẹ jọ̀wọ́, ṣẹ́dà gidi ni kí ẹ bá wa rà o.”

Nígbà tí mo dé ọjà, òwú oríṣìí méjì ni mo rí. Ọ̀kan wọ́n, èkejì kò wọ́n. Àwọn méjèèjì ń dán, ẹni tí ń tà wọ́n sì ní ṣẹ́dà ni àwọn méjèèjì. Mo ra èyí tí kò wọ́n, mo dá owó tí ó kù padà sí àpò ìjọ, inú mi sì dùn pé mo jẹ́ olóòótọ́ ìríjú. Oṣù mẹ́sàn-án ni àwọn ìyá náà fi jókòó ti iṣẹ́ náà. Nígbà tí a tẹ́ ẹ sí iwájú pẹpẹ, kò sí ẹni tí kò yìn ín. Lẹ́yìn Àjíǹde, a rí ẹ̀tàn àbẹ́là tí ó kán sí i, a sì fọ̀ ọ́. Kí a tó fún un tán, àwọ̀ pupa ti ṣàn wọ inú funfun, imọ̀ ọ̀pẹ sì ti hó bí irun àgùntàn. Ìyá àgbà náà tẹ́ aṣọ náà sí orí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wò ó pẹ́, ó sì ká a. Ó ní, “Kò burú, Àlùfáà. A ó tún un ṣe.” Wọ́n tún un ṣe nítòótọ́, ṣùgbọ́n òun kò sí nínú wọn mọ́, nítorí kí wọn tó bẹ̀rẹ̀, ojú rẹ̀ kò lè rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́. Iṣẹ́ tí mo bàjẹ́ náà ni iṣẹ́ ìkẹyìn tí ó ṣe.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi àwọn tí ó mọ̀ ní ìbéèrè. Ohun tí mo bá bọ̀ ni mo fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́. Kókó rẹ̀ kò ju èyí lọ: nínú iṣẹ́ abẹ́rẹ́, òwú ni apá tí owó rẹ̀ kéré jù, ọwọ́ àti ojú ẹni tí ń ṣe é ni ohun iyebíye tí a kò lè rà padà. Ẹni tí ó bá fi òwú pọ́ọ́kú pa owó mọ́, ó ti fi ìnáwó kékeré ṣe òfò ńlá.

1. Ohun tí ṣẹ́dà jẹ́

Kòkòrò kan ni ó ń ṣe ṣẹ́dà. Ewé igi múlíbẹ́rì ni oúnjẹ rẹ̀. Nígbà tí ó bá yó tán tí àkókò rẹ̀ sì dé láti yí padà di labalábá, a máa pọ fọ́nrán òwú tẹ́ẹ́rẹ́ láti ẹnu rẹ̀, a sì máa fi í wé ara rẹ̀ yíká títí yóò fi di ilé kékeré bí ẹyin àdàbà. Fọ́nrán kan ṣoṣo ni gbogbo ilé náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, gígùn rẹ̀ a sì máa tó 600 mítà sí 900, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sí òwú mìíràn nínú àwọn ohun tí Ọlọ́run dá tí a ń fi hun aṣọ tí fọ́nrán rẹ̀ gùn tó báyìí. Fọ́nrán òwú ìgbẹ́ tí a ń gbìn ní oko wa kì í ju ìwọ̀n orí ìka kan lọ. Nínú gígùn yìí ni dídán ṣẹ́dà ti wá, nítorí níbi tí kò sí orí fọ́nrán tí ó yọ síta, ìmọ́lẹ̀ a máa ṣeré lórí rẹ̀ láìsí ìdíwọ́.

Kòkòrò náà a máa fi oje kan bí oje igi lẹ fọ́nrán rẹ̀ pọ̀. Oje yìí ni ó ń mú kí ṣẹ́dà tútù le kí ó sì ṣókùnkùn. A ní láti fi omi gbígbóná àti ọṣẹ sè é kúrò. Nígbà tí ó bá sì kúrò, ṣẹ́dà náà yóò pàdánù nǹkan bí ìdá mẹ́rin tàbí ìdá márùn-ún ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn, nítorí láti inú rẹ̀ ni ẹ̀tàn kan ti jáde tí n óò sọ láìpẹ́.

Ilẹ̀ Ṣáínà ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ará ibẹ̀ sì pa àṣírí rẹ̀ mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní nǹkan bí ọdún 552 ni àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn kan gbé ẹyin kòkòrò náà wá fún Ọba Jọ́sítíníánì ní Kọnsitantinópù, láti ibẹ̀ ni ó sì ti tàn dé ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ funfun.

2. Ṣẹ́dà ilẹ̀ tiwa

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun àjèjì pátápátá ni ṣẹ́dà jẹ́ fún wa. Lóòótọ́, orúkọ náà wá láti èdè àwọn Potogí, ṣùgbọ́n kí àwọn Potogí tó dé ni sányán ti wà. Kòkòrò igbó tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Anaphe ni ó ń ṣe é, lórí igi ìrà àti àwọn igi mìíràn. Àwọn kòkòrò wọ̀nyí kì í dá gbé: ọ̀pọ̀ wọn a máa parapọ̀ hun ilé ńlá kan, olúkúlùkù a sì tún hun tirẹ̀ sínú ilé náà. Àwọn bàbá wa a máa já ilé náà wá láti igbó, wọn a máa fi omi eérú sè é kí oje rẹ̀ lè yọ, wọn a máa fọ̀ ọ́, wọn a máa sá a, lẹ́yìn náà àwọn obìnrin a fi ìrànwú ran án gẹ́gẹ́ bí a ti ń ran òwú oko. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí iyanrìn etí odò, a kò sì rẹ ẹ́ sínú aró. Òun ni àwọn àgbà ń pè ní baba aṣọ. Àwọn Haúsá náà ní irú rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní tsamiya, wọ́n sì ti fi ṣe iṣẹ́ abẹ́rẹ́ sí ọrùn àti àyà ẹ̀wù ńlá láti ayébáyé.

Ṣẹ́dà kejì tí àwọn bàbá wa mọ̀ ni ti àlàárì pupa, èyí tí àwọn oníṣòwò ń gbé láti Trípólì, tí wọ́n fi ràkúnmí rù kọjá aginjù Sàhárà. Àjẹkù ṣẹ́dà ilẹ̀ Yúróòpù ni púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá dé ọ̀dọ̀ wa, aṣọ ọba ni ó ń dà.

Mo sọ èyí nítorí pé ó kan ọ̀rọ̀ wa. Sányán kì í dán bí ṣẹ́dà Ṣáínà, nítorí a kò lè fa fọ́nrán rẹ̀ jáde ní ọ̀kan ṣoṣo. A ní láti tú u ká kí a sì ran án ni. Síbẹ̀ ó lágbára, ó sì ń bá aṣọ òkè mu gan-an. Ẹni tí ó bá ń ṣe ọnà sí ọrùn agbádá sányán, tí ó sì lọ fi òwú Ṣáínà tí ń kọ mànà ṣe é, ó ti ṣe ohun tí kò bá ara wọn lọ. Kì í ṣe òwú tí ó dán jù ni ó dára jù. Èyí tí ó yẹ ibi tí a fi í sí ni ó dára jù.

3. Òótọ́ àti ẹ̀tàn

Ní ọdún 1889, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí ń jẹ́ Chardonnet pàtẹ òwú kan ní ìlú Párísì, èyí tí ó ti ara igi àti òwú oko jáde, tí ó sì ń dán bí ṣẹ́dà. Láti inú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni òwú tí a ń pè ní réyọ́ọ̀nù ti wá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni pọlíẹ́sítà dé, èyí tí a ń ti ara epo rọ̀bì ṣe. Òwú méjèèjì ní ìlò tiwọn, ẹ̀rọ tí ń ṣe ọnà sí agbádá lóde òní kò sì lè ṣe aláìní wọn. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé a ń tà wọ́n ní orúkọ ṣẹ́dà. Réyọ́ọ̀nù ní àléébù kan tí ó yẹ kí oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ mọ̀: bí ó bá ti rin, nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀ ni ó ń lọ. Nígbà tí mo gbọ́ èyí ni ó yé mi ohun tí ó mú kí imọ̀ ọ̀pẹ wa hó nínú omi.

Báwo ni a ó ti mọ òótọ́? Ẹ bẹ oníṣòwò kí ó fún yín ní ìwọ̀n ìka kan péré, kí ẹ fi ẹ̀múgún mú un, kí ẹ sì fi iná kàn án lórí àwo, kí omi sì wà nítòsí. Ṣẹ́dà kì í yára jó. A máa súnkì kúrò nínú iná, bí a bá mú iná kúrò a sì máa fẹ́ẹ́ kú. Òórùn irun tàbí ìyẹ́ adìẹ tí ó jóná ni ẹ ó gbọ́, eérú rẹ̀ yóò sì dúdú, yóò rún wómúwómú ní àárín ìka. Òwú oko àti réyọ́ọ̀nù a máa jó kíákíá, a máa rùn bí ìwé tí ó jóná, eérú rẹ̀ a sì máa rọ̀. Pọlíẹ́sítà ní tirẹ̀ a máa yọ́, èéfín rẹ̀ a máa dúdú, a sì máa fi hóró líle kan sílẹ̀ tí ìka kò lè fọ́.

Ẹ̀tàn kan tún wà tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ. Mo ti sọ pé ṣẹ́dà ń pàdánù nínú ìwọ̀n rẹ̀ nígbà tí a bá sè é. Níwọ̀n bí a ti ń fi òṣùwọ̀n tà á, àwọn aláwọ̀ ṣẹ́dà ní òpin ọ̀rúndún tí 1900 parí bẹ̀rẹ̀ sí í rì í sínú iyọ̀ tánńganran kí ó lè padà wúwo, wọ́n sì sọ ọ́ di púpọ̀ ju bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣẹ́dà bẹ́ẹ̀ a máa wúwo lọ́wọ́, a sì máa dún nígbà tí a bá fún un pọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún díẹ̀ a máa já fúnra rẹ̀ bí ewé gbígbẹ, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bí ẹnikẹ́ni bá jogún òwú ṣẹ́dà àtijọ́ láti ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, kí ó kọ́kọ́ fà á wò kí ó tó fi ṣiṣẹ́. Iná ń fi èyí náà hàn: eérú ṣẹ́dà tí a fi iyọ̀ sọ di wíwúwo a máa dúró ní àwòrán òwú náà, kò ní rún.

4. Òwú fífà àti òwú ríran, lílọ́ àti àìlọ́

Nígbà tí ó bá ti dá wa lójú pé ṣẹ́dà ni, ìbéèrè kejì ni pé, irú èwo? Ọ̀nà méjì ni a ń gbà ṣe òwú ṣẹ́dà. Ekínní ni pé kí a fa fọ́nrán náà jáde láti inú ilé kòkòrò láìjá a. Òun ni ó ń dán jù, òun náà ni ó sì wọ́n jù. Èkejì ni pé kí a kó ilé tí labalábá ti lu jáde àti àjẹkù ìyókù jọ, kí a yà wọ́n, kí a sì ran wọ́n bí òwú oko. Ṣẹ́dà gidi ni èyí náà, ṣùgbọ́n dídán rẹ̀ rẹlẹ̀, ara rẹ̀ sì ní irun díẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kẹ́gàn rẹ̀. Ó rọrùn láti fi ṣiṣẹ́, ó dára fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́, ó sì dára fún ọnà tí a kò fẹ́ kí ó máa kọ mànà.

Ìbéèrè kẹta ni ti lílọ́. Òwú tí a kò lọ́ rárá a máa tẹ́ pẹrẹsẹ lórí aṣọ, a sì máa tàn bí omi. Òun ni àwọn obìnrin ìlú Suzhou ní Ṣáínà ń pín sí ọ̀nà 8 tàbí 16 láti fi ya ìyẹ́ ẹyẹ àti ìpẹ́ ẹja. Òun ni ó yẹ fún ìtànná òdòdó, fún ojú ènìyàn, àti fún ibi gbogbo tí a fẹ́ kí àwọ̀ kan rọra wọ inú èkejì. Ṣùgbọ́n ohunkóhun ni ó lè gbé e: èékánná, òrùka, etí tábìlì. Nítorí náà kò yẹ fún ohun tí a ń wọ̀ tàbí tí a ń gbá mú.

Òwú tí a lọ́ fẹ́ẹ́rẹ́, tí a kó fọ́nrán bíi mélòó kan jọ tí a lè yà sọ́tọ̀, ni ìránṣẹ́ gbogbo iṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ lo ọ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó nípọn, ẹ lo méjì tàbí mẹ́ta. Ẹni tí kò bá lè ra ju irú kan lọ, èyí ni kí ó rà.

Òwú tí a lọ́ le a máa yọ sókè bí okùn kékeré, ìmọ́lẹ̀ a sì máa bọ́ sórí rẹ̀ ní tótòtó. Òun ni ó yẹ fún ìlà tí a fi ń yí ọnà ká, fún ìgúnabẹ́rẹ́ tí ó dà bí ẹ̀wọ̀n, fún lẹ́tà, fún ojú ihò bọ́tìnnì, àti fún etí ọrùn àti ẹnu apá ẹ̀wù níbi tí ara ń fi gbo aṣọ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí bí àwọn àgbà nínú iṣẹ́ yìí ti mọ ìyàtọ̀ wọ̀nyí, kí ó ronú nípa aṣọ ìgúnwà àlùfáà tí a ń pè ní Syon Cope, tí ó wà ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Victoria and Albert ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti ṣe é láàárín ọdún 1300 sí 1320. Ṣẹ́dà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ṣe ojú àwọn ènìyàn mímọ́ tí ó wà lára rẹ̀: wọn a gún abẹ́rẹ́ la àárín òwú kọjá kí ìlà kan lè wọ inú èkejì. Òwú tí a lọ́ le kò ní gbà kí abẹ́rẹ́ la òun bẹ́ẹ̀. Ọdún 700 ti kọjá, ojú náà ṣì ń wò wá.

5. Aṣọ, abẹ́rẹ́, àti ọwọ́

Òwú gbọ́dọ̀ bá aṣọ mu. Bí òwú bá nípọn ju èyí tí a fi hun aṣọ lọ, yóò ti àwọn òwú aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, aṣọ náà yóò sì súnkì yí ọnà ká. Bí ó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù, yóò rì sínú aṣọ, a kò ní rí i. Aṣọ ọ̀gbọ̀ pẹ̀lẹ́bẹ́ ń fẹ́ fọ́nrán kan tàbí méjì. Aṣọ òkè ń fẹ́ òwú tí ó nípọn tí a sì lọ́. Ẹ mú àjákù aṣọ náà gan-an, kí ẹ fi òwú tí ẹ fẹ́ lò ṣe ewé kan sí i. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni èyí gbà, ó sì lè gba oṣù púpọ̀ là.

Ní ti abẹ́rẹ́, àwọn àgbà ní, abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí. Òótọ́ ni òwe náà nínú iṣẹ́ yìí. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ni láti la ihò tí ó tó fún òwú láti kọjá wọ́ọ́rọ́. Bí abẹ́rẹ́ bá kéré jù, etí aṣọ ni yóò máa ha ṣẹ́dà nígbà gbogbo tí ó bá kọjá, dídán rẹ̀ yóò sì ti lọ kí òwú náà tó tán. Fún ìdí kan náà, kí òwú tí ẹ fi sí abẹ́rẹ́ má ṣe gùn ju 18 ìńṣì lọ, èyíinì ni láti orí ìka dé ìgúnpá àgbàlagbà. Ẹni tí ń lo òwú gígùn kí ó má baà fi òwú bọ abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀lẹ rẹ̀ yóò hàn lára iṣẹ́.

Ọwọ́ ńkọ́? Ọwọ́ àwọn ìyá wa kì í ṣe ọwọ́ ẹni tí ń jókòó lásán. Ọwọ́ tí ń gún iyán, tí ń rokà, tí ń fọ aṣọ, a máa le, a sì máa gbé fọ́nrán ṣẹ́dà bí ẹ̀gún ti ń gbé aṣọ. Kí èyí má ṣe lé ẹnikẹ́ni kúrò nídìí iṣẹ́. Kí ó fi òrí pa ọwọ́ rẹ̀ ní alẹ́, kí ó sì fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní ní òwúrọ̀ kí ó tó mú òwú, nítorí ọ̀rá a máa ba ṣẹ́dà jẹ́. Kí ó sì ṣiṣẹ́ ní àkókò tí oòrùn kò tíì mú, kí òógùn má baà wọ inú òwú.

6. Àwọ̀

Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 18 kan, William Perkin, ni ó kọ́kọ́ rí aró àtọwọ́dá ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1856. Ṣáájú rẹ̀, ara ewé, egbò igi àti kòkòrò ni aró ti ń wá. Àwọn aró tuntun náà dán gbinrin, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ kò dúró lójú oòrùn. Èyí ni ó mú kí William Morris lọ bá Thomas Wardle, aláró ṣẹ́dà ní ìlú Leek, ní ọdún 1875, kí wọ́n lè jọ padà sí ọ̀nà àtijọ́, ti ẹ̀lú àti ti egbò igi. Ní ìlú kan náà ni aya Wardle, Elizabeth, ti dá ẹgbẹ́ àwọn obìnrin oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1879, tí wọ́n ń fi ṣẹ́dà tí a rẹ níbẹ̀ ṣe aṣọ fún ilé Ọlọ́run. Láti ìgbà náà ni a ti ṣe aró àtọwọ́dá tí ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n a kò lè fi ojú lásán mọ èyí tí ó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára. Ìdánwò ni a fi ń mọ̀ ọ́n.

Ìdánwò méjì ni. Ekínní, ẹ fi omi tútù rin ìwọ̀n òwú díẹ̀, kí ẹ fi í sí àárín aṣọ funfun méjì, kí ẹ gbé ohun wúwo lé e títí yóò fi gbẹ. Bí funfun bá mú àwọ̀, ẹ má ṣe lò ó lórí aṣọ tí a ó fọ̀. Pupa, dúdú àti aró dúdú ni kí ẹ fura sí jù. Èkejì, ẹ wé òwú mọ́ ìwé líle kan, kí ẹ bo ìdajì rẹ̀, kí ẹ sì gbé e sí ojú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí ẹ bá ṣí i tí ìdajì kan sì yàtọ̀ sí èkejì, ẹ ti mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí aṣọ pẹpẹ yín láàárín ọdún díẹ̀. Ìdánwò àkọ́kọ́ ni ìbá ti gba iṣẹ́ àwọn ìyá mẹ́fà là, bí mo bá ti mọ̀ ọ́n.

7. Iye tí a ó rà

Aláró kò lè rẹ ìkòkò méjì kí àwọ̀ wọn rí bákan náà pátápátá. Èyí jẹ́ òótọ́ fún aró àwọn ìyá wa, ó sì jẹ́ òótọ́ fún ti ilé iṣẹ́. Bí òwú bá tán ní àárín iṣẹ́, èyí tí ẹ ó tún rà lè yàtọ̀ díẹ̀, ojú yóò sì rí i. Nítorí náà ẹ ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Báwo ni a ó ti mọ iye rẹ̀? Ẹ ṣe ìṣirò báyìí. Bí ọnà kan bá fẹ̀ ní ìńṣì 1, ìgúnabẹ́rẹ́ kan tí ó bò ó yóò gba ìńṣì 1 lójú aṣọ àti ìńṣì 1 lẹ́yìn rẹ̀, àpapọ̀ 2. Bí ìgúnabẹ́rẹ́ 40 bá wọ inú ìńṣì kan, ìńṣì 80 ti òwú ni a nílò fún ojú ibi tí ó fẹ̀ ní ìńṣì 1 tí ó sì gùn ní ìńṣì 1. Bí gbogbo ibi tí a ó fi pupa bò bá tó irú rẹ̀ 60, ìńṣì 4,800 nìyẹn, tí í ṣe yáàdì 133 àti ẹsẹ̀ bàtà 1. Ẹ fi ìdá márùn-ún rẹ̀ kún un fún orí òwú tí a ń gé sọnù àti fún àṣìṣe. Ó di yáàdì 160. Bí ẹ bá ń lo fọ́nrán méjì pọ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì.

8. Ibi tí ṣẹ́dà kò yẹ, àti ìtọ́jú rẹ̀

Kì í ṣe ibi gbogbo ni ṣẹ́dà yẹ. Aṣọ ọ̀gbọ̀ kéékèèké tí a ń lò ní Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, tí a gbọ́dọ̀ máa fọ̀ ní gbogbo ìgbà, òwú oko funfun ni kí ẹ fi ṣe ọnà sí i. Àsíá ẹgbẹ́ tí a ń gbé yí ìlú ká nínú oòrùn àti òjò, òwú oko tí a sọ di dídán ni ó yẹ fún un, irú èyí tí ó ti inú àwárí John Mercer jáde, ẹni tí ó gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1850. Ṣẹ́dà kò fẹ́ràn oòrùn, oòrùn a sì máa jẹ agbára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Bí a bá ní láti fọ iṣẹ́ tí a fi ṣẹ́dà tí a ti dán wò ṣe, kí ó jẹ́ omi tútù àti ọṣẹ pẹ̀lẹ́, láìfún un. Ẹ má ṣe fi omi tí ń sọ aṣọ di funfun kàn án láé, nítorí yóò jẹ ẹ́ run. Ẹ má sì ṣe lo ọṣẹ dúdú. Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣebí omi eérú ni àwọn bàbá wa fi ń se sányán? Bẹ́ẹ̀ ni. Omi eérú ń jẹ oje tí ó bo fọ́nrán. Nígbà tí oje náà bá ti tán, tí a bá tún ń lò ó, ara fọ́nrán gan-an ni yóò máa jẹ. Ohun kan náà tí ó wẹ̀ ẹ́ mọ́ lẹ́ẹ̀kan ni yóò pa á bí a bá ń ṣe é léraléra.

Ní ìgbẹ̀yìn, ẹ má ṣe ká a ní ìṣẹ́po, nítorí ibi ìṣẹ́po ni ó ti ń já. Ẹ fi aṣọ funfun mímọ́ tẹ́ ẹ lójú, kí ẹ sì yí i mọ́ igi róbótó, kí ẹ gbé e sí ibi gbígbẹ tí ó ṣókùnkùn.

Ẹ̀yin ará, nínú Ìwé Mímọ́ ni a ti kà nípa Óhólíábù tí ó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ́rẹ́ fún àgọ́ ní aginjù, a sì kà bí a ti dárúkọ àwọ̀ òwú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí a kò bá ka òwú sí ohun kékeré níbẹ̀, kí ni ó dé tí àwa yóò fi kà á sí bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin àlùfáà ọ̀dọ́ àti ẹ̀yin ìríjú ìjọ tí ẹ wà níhìn-ín, ọ̀rọ̀ ìkẹyìn mi jẹ́ tiyín. Nígbà tí àwọn ìyá bá fi owó òwú rán yín, ẹ má ṣe fi owó tí ẹ dá padà díwọ̀n òótọ́ yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn irú òwú tí wọ́n ń fẹ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó. Bí ó bá sì ṣeé ṣe, ẹ mú ọ̀kan nínú wọn lọ́wọ́ lọ sí ọjà, kí ẹ fi ara balẹ̀ dúró tì í, kí ẹ sì jẹ́ kí ó yàn.